Ìyá Ọkọ Mi Lórí Pápá Bàálù

Ọmọ mi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, tó ń fi ànàmọ́ ra gbogbo ojú, ìyá ọkọ mi ló ni ín, èmi kàn bá a gbé e dé ni. Temane lorúkọ ìyá ọkọ mi yìí. Nígbà tó lóyún ọkọ mi, òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ ló fi àpò ẹ̀yìn kó òkúta títí ilẹ̀ fi tẹ́jú, tí bàálù kékeré fi ń balẹ̀ ní Kelapi wa, lórí òkè Papua níbí. Láti Kelapi sí pápá bàálù Wundu, níbi tí ọsibítù wà, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni bàálù fi ń dé e. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ rìn ín, ọjọ́ mẹ́ta, àárín àwọn ará Hagebi lẹ sì máa gbà, àwọn tó ń bá wa jà.

Ẹlẹ́dẹ̀ ló dájà sílẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ wọn jẹ oko wa, Yandi ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ta á lọ́fà, ni wọ́n bá fi àáké la orí ọmọ ìyàwó kan lágbolé wa. Pápá bàálù yẹn nìkan ló tẹ́jú ládùúgbò, orí ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pa ara wọn.

Mo ti rọbí di ọjọ́ kejì, ọmọ ò wá. Wọ́n bá wa pe bàálù. Ó dé lóòótọ́, àmọ́ kì í balẹ̀ tí èèyàn bá wà lórí koríko. Ọfà ń fò. Ọkùnrin kan jókòó, ó fọwọ́ bo ojú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka ẹ̀ jáde. Bàálù yí wa po, ó tún yí wa po. Mo mọ̀ pé tó bá fi lè padà, tèmi tọmọ ti tán nìyẹn.

Temane fi mí sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó rìn wọ àárín wọn.

"Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀," Yandi pariwo.

"Ta ló kó òkúta ibí? Ṣé ìwọ? Ọmú lò ń sunkún sí nígbà yẹn."

Ará Hagebi kan ní, "Ìyá arúgbó, àbí ọkọ lẹ wá wá?"

"Mo ti rí ọkọ tèmi. Ìwọ lo ò tíì ríyàwó, pẹ̀lú ẹnu ẹ tó ń rùn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ló bá ká aṣọ sókè. Lọ́dọ̀ wa, ohun ìjà tóbìnrin bá gbẹ́sẹ̀ ré kọjá ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹni tó ni ín náà ò ní pẹ́ láyé. Ìdì ọfà Yandi ló kọ́kọ́ ré kọjá, ọmọ tó bí nínú ara ẹ̀. Ó wá kọjú sáwọn ará Hagebi. Ẹ wá wo àwọn akọni tó ń gbá ọrun mọ́yà, tí wọ́n ń sá bí ẹni tójò ká aṣọ ẹ̀ mọ́ orí okùn. Pápá ṣófo, bàálù balẹ̀.

Ọkọ mi gbé mi wọ bàálù. Lójú fèrèsé ni mo ti rí Yandi tó fi èèkù àáké gbá màmá ẹ̀ lápá. Ó ṣubú, ó tún gbá a. Mo ní ká dúró.

"Ọmọ inú ẹ ńkọ́?" lọkọ mi wí, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. A gbéra.

Abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde ní Wundu. Obìnrin, ó sanra bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá Temane kú àbí ó yè.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ẹ̀ wú, okùn igbó ni wọ́n fi di igi mọ́ apá ẹ̀ tó kán.

"Báwo lẹ ṣe kọjá lọ́dọ̀ àwọn Hagebi?" lọkọ mi bi í.

"Ṣe ni wọ́n ń kó ọ̀kọ̀ gun orí igi. Mo kàn ń ká aṣọ mi díẹ̀díẹ̀ ni." Ó fi ọwọ́ tó ṣẹ́kù gba ọmọ. "Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lẹ fi dé, ẹ ò sì tíì wẹ ọmọ mi dáadáa."

Apá yẹn ò nà mọ́. Yandi fa ẹlẹ́dẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ó gba ẹlẹ́dẹ̀, ó kẹ́yìn sí i.