Ìlà tí mo fín sínú ìkòkò ìyá ọkọ mi

Láti àárọ̀ ni ìyá ọkọ mi ti ń yìn mí, àmọ́ bí ẹní fẹ́ sunkún ló ń ṣe mí.

Ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n ń sè tà. Ọ̀pá kan tí wọ́n gé àmì sí lára ni wọ́n fi ń wọn omi ẹ̀. Mo ní kí n bá wọn dín wàhálà kù. Mo ti ọ̀pá náà bọ ìkòkò, mo fi ìṣó fín ìlà tó jinlẹ̀ síbi tí àmì ẹ̀ dé.

Wọ́n rí i, wọ́n pariwo: "Ìyàwó mi, o gbọ́n o! Mi ò tún ní máa wá ìpẹ̀kun ọ̀pá tó dúdú kí n tó tì í bọ omi."

Wọ́n dá ọ̀pá sí méjì, wọ́n kó o síná.

Ibi tó dúdú kẹ̀? Èmi rò pé ìdọ̀tí ni. Ibi tó mọ́ ni mo tì bọ ìkòkò!

Ìpẹ̀kun tó dúdú yẹn ni àmì ọ̀pá sún mọ́, ìlà mi ti ga jù. Omi lásán ni wọ́n máa sè.

Mo ní, "Màmá…"

"Má wulẹ̀ dúpẹ́, ọmọ mi. Lọ pọnmi wá, ká se ọtí ìkómọ tí wọ́n bẹ̀ wá."

Ìdí kànga ni mo wà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́?