Ẹni Tó Ní Kí Wọ́n Pa Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Láràárọ̀, bí Ayọ̀ladé bá ti wọ mọ́tò nílé rẹ̀ ní Plano lÁmẹ́ríkà, ìyá rẹ̀ ní Òkè-Àgbọn ni yóò kọ́kọ́ pè. Ìyá á kì í, á wúre fún un, òun náà á máa ṣe "Àmín" títí yóò fi dé ibi iṣẹ́. Ọjọ́ tí kò bá gbọ́ ohùn yẹn, ilẹ̀ kì í mọ́ fún un dáadáa.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ló ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́ ni kò mọ̀. Ọ̀gágun Fọlábí, sẹ́níọ̀ rẹ̀ nílé-ìwé girama, wá tọ́jú orúnkún ní Dallas. Ilé ìwòsàn tí ìjọba wọn kọ́ sílé, ṣebí àwọn tálákà ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ayọ̀ladé sun ẹran dè é. Ọ̀gágun jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń ya ẹran jẹ, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣètò ààbò ìlú. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló kù nílé. Ohun tí àwọn ológun bá kọ ni òfin, àwọn aṣòfin á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mínísítà ètò ààbò gan-an, bí Ọ̀gágun bá húkọ́, á dìde dúró.

Ni Ayọ̀ladé, tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè, bá lanu. "Bọ̀dá, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi táwọn ajínigbé wà. Bí wọn ò bá rí fóònù pè, báwo ni wọ́n ṣe máa gbowó? Mo lè ṣe plan ẹ̀ fún yín."

Ọ̀gágun nu ọ̀rá ẹnu rẹ̀. "Kọ ọ́ wá."

Ó kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, Gbéminíyì ìyàwó rẹ̀ ò rímú mí mọ́. Ọkùnrin náà gbé fáàrí dé ṣọ́ọ̀ṣì: "Ọpọlọ mi nìyẹn o!" Ẹni tó bá rí i á rò pé òun ló bí ìjọba.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó pe ìyá rẹ̀, kò wọlé. Ó tún un pè títí, pàbó. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá arúgbó tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń dá gbé! Ó sáré pe Ọ̀gágun.

"Bọ̀dá, wọ́n ti pa tìlú wa mọ́ ọn o! Ajínigbé ò débẹ̀ rí!"

"Ìlú yín ò dìbò fún ẹgbẹ́," ni Ọ̀gágun wí. "Fóònù làwọn ọ̀dọ́ yín fi ń kóra jọ. Àwa sójà la mọ ẹni tó léwu fún ìlú. Ṣebí ìwọ lo kọ́ wa bá a ṣe máa ṣe é? O ṣeun, àbúrò."

Gbéminíyì gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹ lọ bá wọn sọ èyí náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Daddy Ṣìmí."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí nọ́ńbà àjèjì kan tó wọlé bó ti ń wakọ̀ lọ lórí freeway. Ayọ̀ladé ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Ayọ̀ladé, mo wà láàyè." Ìyá rẹ̀ ni! Wọ́n fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ìlú kejì kó lè pè é. Omi lé ròrò lójú ọmọkùnrin náà.

"Àwọn ajínigbé gbọ́ pé a ò rẹ́ni ké sí mọ́," ni ìyá wí, "ni wọ́n bá wọ̀lú. Wọ́n gbé Síkírù tó ń bá mi ra oògùn lọ. Wọ́n ní ọmọ wa kan lókè òkun ló gba àwọn sójà nímọ̀ràn yẹn. Ẹni náà, ọjọ́ tó bá ń wá ìyá rẹ̀ jù láyé, kó pè é títí, kó má gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Àmín," ni Ayọ̀ladé wí, kó tó mọ ohun tó ń sọ.

"Mi ò gbọ́ ọ dáadáa," ni ìyá wí. "Ṣe é sókè."

Ó ṣe é sókè.