Sábáàtì Tí Fúnmi Gbá Bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà

Adéṣínà Àkànní, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ají-kí-Olúwa-kó-tó-kí-aya, ọkọ mi, Sábáàtì ìkẹyìn yín ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé.

Fúnmi ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù kí Nàìjíríà lè wọ ìdíje àwọn obìnrin Áfíríkà. Onísábáàtì bíi tiyín kì í tan rédíò ní Sátidé títí oòrùn yóò fi wọ̀. Tàìsàn-tàìsàn, ẹ ń dìde, ẹ ń jókòó.

“Ìyá Fúnmi, kò tíì wọ̀ ni?”

“Ṣé èmi ni mo so ó mọ́ òkè ni?”

Ìyá Sùnmbọ̀, ará ilé kejì, tó ń gbọ́ rédíò tirẹ̀, yọjú: “Ẹ jẹ́ n sọ ọ́!”

Ẹ di etí. “Má sọ ọ́, kèfèrí!”

Oòrùn wọ̀, mo tan rédíò, ìròyìn bọ́ọ̀lù ti kọjá. Ẹ pariwo: “Ìyá Sùnmbọ̀, ó yá, sọ ọ́!”

“Wọ́n ti yege! Fúnmi ló gbá góòlù wọlé!”

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sùn, ẹ kò jí mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni a sin yín.