Orúkọ Àkọ́bí

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe alága ẹgbẹ́ wa. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn yòókù lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbọ́ jù wọ́n. Òbí mọ́kànlá ni wá, gbogbo wa la bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò tètè jí, a sì máa ń pàdé ní Sátidé nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Agbowó.

Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe, mo sì ń fi yangàn. Ní ìpàdé, orúkọ ọmọ tó gbé wa dé ibẹ̀ la ó máa fi pe ara wa. Nílé, ọ̀pọ̀ wa ti gbé orúkọ yẹn pamọ́. “Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n,” làwọn aládùúgbò ń sọ, àwa náà sì jẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ àbúrò pè wá, bí ẹni pé òun ni àkọ́bí.

Ohun tí à ń wá kò ju kíláàsì kan fún àwọn ọmọ wa lọ, ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà nítòsí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí mo tẹ̀ àti Gẹ̀ẹ́sì tó dán. Á rẹ́rìn-ín, á ní àwọn á wò ó.

Nígbà kẹrin, gbogbo wa la lọ. Mo ń ka lẹ́tà mi lọ́wọ́, ọ̀gá ń wo aago. Obìnrin kan tó ń ránṣọ ní Baṣọ̀run, tí kì í lanu nípàdé, bá kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Tí mo bá ń ránṣọ, mo máa ń so ó mọ́ ìdí ẹ̀rọ kó má baà sá sí títì. Àpá okùn ti wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Mi ò fẹ́ so ó mọ́.” Ó wá pe orúkọ ọmọ náà.

Ọ̀gá gbójú kúrò lára aago. Ó pe akọ̀wé rẹ̀ wọlé, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ọmọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Sáà tó tẹ̀ lé e ni kíláàsì náà ṣí.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo jowú pẹ̀lú, n kò ní purọ́. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà, aládùúgbò mi kan láti Bódìjà rí mi, ó sì fi orúkọ ọmọ mi kejì kí mi. Mo dá a lóhùn. Obìnrin aránṣọ náà wò mí.

Ní Sátidé, mo ní kó wá jókòó sórí àga mi. Ó ní òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní kó ṣáà jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi orúkọ àkọ́bí mi pè mí. Ojú tì mí kí n tó jẹ́ ẹ.