Ọwọ́ Ràsáàkì Nínú Fídíò

Fàtímọ̀ kò mọ bàbá rẹ̀. Sàrátù, ìyá rẹ̀, ṣì lóyún rẹ̀ nígbà tí mọ́tò gbẹ̀mí Ràsáàkì ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, iná jó ilé wọn ní Ìṣẹ́yìn, gbogbo fọ́tò ọkùnrin náà sì bá a lọ. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń sọ̀rọ̀ ló ti ń béèrè bí ojú bàbá òun ṣe rí. Sàrátù kò ní ohun kan tó lè fi hàn án.

Lọ́dún 1985, ó rántí pé àwọn ará yunifásítì kan ti wá láti Ìbàdàn nígbà tí òun lóyún, tí wọ́n ya fídíò ọkọ òun nídìí òfì tó ti ń hun aṣọ. Ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ wá a. Ìyá náà figbe ta.

"Sàrátù, ẹni tí a ti kírun sí lára lo fẹ́ lọ wò? Jẹ́ kí ọmọ mi sinmi!"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọmọ tó fi sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí èmi sinmi."

Òun àti Fàtímọ̀ lọ. Ní ilé ìkàwé yunifásítì náà, wọ́n mú wọn dé yàrá kan tí káséètì fídíò kún dé àjà. Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ tó ń tọ́jú àwọn káséètì náà wá èyí tí wọ́n ń béèrè títí ó fi rí i. Káséètì ọ̀hún ti hu èbu funfun lára. Ó nù ún, ó kì í bọ ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà.

Àwòrán gbọ̀n, ó dúró. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ yọ, ọwọ́ Ràsáàkì gan-an, tòun ti àpá àdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò. Sàrátù sún mọ́ tẹlifíṣàn. Ó ń retí ojú. Wọ́n fi ẹsẹ̀ hàn, wọ́n fi òwú hàn, wọ́n fi aṣọ tó ń gùn sí i hàn. Oníkámẹ́rà kò gbé kámẹ́rà sókè rárá. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ràsáàkì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n mumi ná." Ojú fídíò ṣú.

"Ó ti tán," Gbádébọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n wá yà."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?" Fàtímọ̀ bi ìyá rẹ̀.

Gbádébọ̀ dá fídíò náà padà sẹ́yìn, ó dá ọwọ́ náà dúró. Ọmọ náà gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé gíláàsì tẹlifíṣàn. Ìyá rẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá ọkọ kò dáhùn ìkíni wọn. Ó ṣe díẹ̀, ó wá bá Sàrátù ní ìdí ààrò.

"Ṣé ẹ rí i?"

"A ò rí ojú wọn, Màmá. A gbọ́ ohùn wọn."

"Kí ló wí?"

"Wọ́n ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n mumi ná.'"

Ìyá arúgbó náà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ṣé wọ́n fún un?"

"Ibẹ̀ ló parí sí, Màmá."