Ẹ Má Tẹ́ Sàréè Mi Pẹrẹsẹ

Òórùn erùpẹ̀ tútù ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la sin ọ̀rẹ́ mi kan ní Mesquite, lẹ́bàá Dallas níbí, wọ́n sì fi kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé bo erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde, àfi bí ẹni pé erùpẹ̀ jẹ́ ohun ìtìjú. Wọ́n ní sàréè gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀rọ tó ń gé koríko lè gba orí rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Dallas, ẹ gbọ́. Òkìtì kan wà lẹ́yìn agbo ilé wa nílé lọ́hùn-ún. Àwọn tó gbé ilẹ̀ náà kí àwọn baba ńlá wa tó dé ni wọ́n sin àgbà wọn síbẹ̀, tí wọ́n ń fi agbọ̀n ru erùpẹ̀ lé e títí ó fi ga ju òrùlé lọ. Ewúrẹ́ tó bá gùn ún láàárọ̀, kùrukùru ló máa ń wà nírùngbọ̀n rẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní irọ́ ni, ẹ lọ bi ewúrẹ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa gan-an ni bàbá àgbà sùn sí. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì gbé sàréè rẹ̀ sókè bí àga, orí rẹ̀ la ti ń mu ẹ̀kọ. Láràárọ̀ ni ìyá àgbà ń fẹjọ́ wa sùn ún níbẹ̀: ta ló jí ẹran nínú ìṣasùn, ta ló sá nílé ìwé. Èmi ni, lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Lọ́jọ́ kan ni wolé-wolé dé, ó ní ìjọba ti fòfin de sísin òkú sínú ilé, àwọn fẹ́ hú bàbá lọ sí itẹ́ òkú. Ìyá àgbà tẹ́ ẹní sórí sàréè, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ọkọ mi ni mo jókòó lé yìí. Ìwọ ńkọ́, o mọ ibi tí bàbá tìrẹ sùn sí?"

Wolé-wolé wo bàtà ara rẹ̀, ó bá ọ̀nà tó gbà wá padà.

Bọ́lá ọmọ mi, nọ́ọ̀sì tó ń gbé Cedar Hill, ló wà mí bọ̀ láti ibi ìsìnkú ọ̀rẹ́ mi. Bá a ṣe dúró nílé, ó na ìwé kan sí mi: ilẹ̀ sàréè tèmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ mi.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáìnì ẹ̀."

"Ṣé wọ́n á kó erùpẹ̀ lé mi lórí?"

"Wọn ò gbà á. Rúùlù wọn ni."

"Rúùlù ta ni? Àwọn tó ni Texas kí òyìnbó tó dé, òkìtì ni wọ́n mọ lé òkú wọn. Ó ṣì wà lápá ìlà-oòrùn níbí, ọmọ ẹ ló fi hàn mí nínú fóònù. Ta wá ni àlejò?"

"Dádì, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

N ò sáìnì. Ó bínú lọ. Nígbà tó di Sátidé, ó pè mí.

"Mo ti rí abúlé kan tí wọn ò ka gíga sàréè sí. Ṣùgbọ́n ó jìn o, wákàtí méjì."

"Ṣé ẹ ó máa wá wò mí?"

"A ó máa wá, Dádì."

Ibẹ̀ ni mo fọwọ́ sí.

Mo mọ̀ pé ẹ ò lè sin mí sí pálọ̀ Cedar Hill. Ẹní tí wọ́n fi ń wé òkú nílé ti di pósí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti di pápá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ayé, ó yẹ kí ilẹ̀ wú díẹ̀ níbi tó wọlẹ̀ sí. Ẹ ru erùpẹ̀ náà dáadáa, kó ga. Kí ẹni tó ń gé koríko yà fún mi.