Jẹ́ẹ́dé Kò Tẹ̀ka Lásìkò Òjò

Kànga mọ́kànlélógójì ni Jẹ́ẹ́dé ti gbẹ́ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti àwọn abà tó yí i ká. Kò gbẹ́ ọ̀kan rí lásìkò òjò. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ nígbà náà, á ní kí onítọ̀hún lọ jókòó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní omi òjò, àlejò ni. Ẹni tó bá kà á sí onílé yóò pọn yanrìn nígbà tó bá yá.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ awakùsà kan fẹ́ wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì lẹ́yìn oko iṣu àwọn ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Òfin ní kí wọ́n tó ki ẹ̀rọ bọlẹ̀, kí ìjọba kọ́kọ́ wọn omi inú kànga àdúgbò, kí ẹni tó mọ kànga sì tẹ̀ka sí ìwé. Bí omi bá lọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ìwé yẹn ni ẹ̀rí àwọn àgbẹ̀. Baálẹ̀ ní ta ló tún mọ kànga ju Jẹ́ẹ́dé lọ.

Oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ni Débọ́lá, òṣìṣẹ́ ìjọba, gbé ìwé dé láti Ìbàdàn. Òjò ti rọ̀ rọ̀ rọ̀. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu kànga. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, ibi tẹ́ ẹ máa tẹ̀ka sí nìyí."

"Omi òjò lẹ wọ̀n yìí, ìyáàfin. Bí kànga bá gbẹ lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á ní ẹ̀ẹ̀rùn ló gbẹ ẹ́. Kí la fẹ́ fi já wọn nírọ́? Ẹ padà wá lóṣù Ẹ̀rẹ̀nà."

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún mi."

"Ẹ̀yin ni wọ́n fún. Wọn ò fún kànga."

Muhydeen, ọkọ Mujeebat ọmọ Jẹ́ẹ́dé, wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ti ṣèlérí iṣẹ́ ọlọ́dẹ fún un. "Bàbá, ṣé wọ́n fẹ́ gé ìka yín ni? Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́!"

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀. Jẹ́ẹ́dé, ọjọ́ tó o bá kú, inú kànga la ó sin ẹ́ sí."

"Ẹ ṣáà ti gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀rùn, Baálẹ̀."

Débọ́lá kọ ọ́ sí etí ìwé pé ẹlẹ́rìí kò tẹ̀ka, ó ní kí a tún omi wọ̀n lẹ́ẹ̀rùn. Nítorí gbólóhùn yẹn, wọn ò fún ilé-iṣẹ́ náà ní àṣẹ ìwakùsà. Muhydeen dúró títí di oṣù Ọ̀pẹ, ó lọ ń gun ọ̀kadà ní Ṣakí.

Ní Ẹ̀rẹ̀nà, Débọ́lá padà wá. Jẹ́ẹ́dé so òkúta mọ́ okùn, ó wọn kànga mẹ́sàn-án láàárín ọjọ́ kan. Nínú èyí tó jìn jù, omi ti lọ sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó tẹ̀ka sí gbogbo rẹ̀. Kí oṣù Igbe tó parí, ẹ̀rọ dé. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbà sí iṣẹ́ ọlọ́dẹ.

Mujeebat wá kí bàbá rẹ̀.

"Ẹ ò ṣẹ̀ wá, bàbá. Ṣùgbọ́n Muhydeen ti fi Ṣakí sílẹ̀. Ó ti sọdá ààlà lọ sí Paraku."

"Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, kí n pè é."

"Ó ní kí n má fún yín."